Owó Sólà Tó Padà Sọ́wọ́ Mi

Jímọ̀, 2 Jánúárì 2026

Báńkì ló fún mi ní dáyárì yìí. Wọn kì í fún gbogbo èèyàn. Mọ́níjà fúnra rẹ̀ ló fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Alhaji, ẹ̀yin la kọ́kọ́ rántí." Kíláàsì kẹta ni mo dé nílé ìwé. Ìyókù tí mo mọ̀, ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mo ti bímọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé títí tí ojú wọn fi ń ṣú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń wá ra pàńlá láwìn.

Èmi tí mo fi orí ru ẹrù ní ìdíkọ̀ rélùwéè. Lónìí, tí wọ́n bá ní "Alhaji Ẹlẹ́ja" ní Ọ̀fà, kò sí ẹni tó máa béèrè pé èwo nínú wọn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alfa gbé sólà mi sínú àdúà. Mo ti fún un ní sàárà ṣáájú, mo sì ti sọ ohun tí mo fẹ́ kó sọ. Ó sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí mo ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́: "Alhaji wa gbé oòrùn wọlé, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Gbogbo mọ́ṣáláṣí ṣe àmín. Jàmíù oníṣìmẹ́ǹtì, ọ̀rẹ́ mi, wà ní sàfù iwájú. Òun ló kọ́kọ́ gbé sólà sórí ilé ní àdúgbò wa, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin. Tèmi jẹ́ mẹ́wàá. Ó ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò jáde lẹ́nu rẹ̀ dáadáa.

Àlàátì báńkì tó wọlé lọ́jọ́ Àtàláta, Ràfátù ìyàwó mi nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn elétò Ìmọ́lẹ̀-Ilé ti ṣèlérí pé ẹni tó bá gbé pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì sílé ara rẹ̀, àwọn yóò dá ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ padà fún un. ₦4,800,000 ni mo san. ₦1,200,000 ni wọ́n dá padà. N kò rí ìdí tí aráyé fi gbọ́dọ̀ gbọ́.

Àlàrùba, 7 Jánúárì

Ọyẹ́ mú gan-an. Eruku bo pánẹ́ẹ̀lì. Barnabas tó so sólà fún mi wá láti Ẹ̀rìn-Ilé láti fọ̀ wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún un, àwọn kan, nítorí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì, ní ṣé mo fẹ́ gbé ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé gun òrùlé mi kó lè rí ilẹ̀ Ọ̀fà wọ̀n dáadáa ni. Mo ní kó wọ̀n ọ́n bó bá wù ú, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

NẸ́PÀ ti mú iná lọ láti ìjẹta. Fíríísà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi níwájú ilé ń kùn bí oyin. Wáyà kan ni Barnabas fà láti ara bátìrì inú pálọ̀, ó gba inú ògiri lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹja mi le bí òkúta. Ti obìnrin tó ń ta ẹja ní òdìkejì títì ti ń rọ̀. Mo bá a gbé páálí méjì sínú tèmi. Èèyàn dáadáa ni mí.

Àtìní, 12 Jánúárì

Mo ń jẹ àkàrà lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin kan pè sórí rédíò. Ó ní òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù, pé owó yòówù tó bá wọ báńkì èèyàn, ìbáà ṣe ẹ̀bùn, ìbáà ṣe ìrànwọ́, ìjọba ti rí i, ẹni tí kò bá sì jẹ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Atọ́kùn ètò ní kó rọra, pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. N kò gbọ́ ìyókù nítorí pé mo ti pa rédíò.

Ràfátù ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á?"

Mo ní mò ń tọ́jú bátìrì rédíò ni.

Ó wò mí. Iná sólà ni rédíò ń lò.

Àtàláta, 13 Jánúárì

Ẹja kótè ti di ₦78,000 páálí kan. Kó tiẹ̀ di mílíọ̀nù, kò kàn mí lónìí.

Jímọ̀, 16 Jánúárì

Jàmíù dúró dè mí níbi tí a ti ń wọ bàtà.

"Ẹlẹ́ja, o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ? Wọ́n ní àwọn ará owó orí yóò máa wo òrùlé. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń kọ mọ̀nà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà."

Mo ní, "Kí wọ́n máa bọ̀. Lọ́dọ̀ mi, mẹ́wàá ni wọn yóò kà. Lọ́dọ̀ tìẹ, kí wọ́n tó la ẹnu, ó ti tán."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo lọ dúró lẹ́yìn fẹ́ńsì, mo wo òrùlé mi bí ẹni tó ń wo ilé onílé. Lóòótọ́ ló ń kọ mọ̀nà. Mo tẹ Barnabas láago pé kó má wá fọ̀ ọ́ mọ́ ná.

Àtàláta, 20 Jánúárì

Àwọn dógarì, ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà yẹn, ló wá mú bàbá mi. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìgbà ọyẹ́ ni, bí irú èyí. Wọ́n ní ó jẹ owó orí. Ó ti sá lọ sóko tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà wálé nítorí pé ìyá mi ń rọbí. Wọn kò nà án. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ àwọn mìíràn, wọ́n sì mú wọn gba àárín ọjà kọjá, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wà níbẹ̀. Àwọn tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọjà wọn tò. Èmi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Fìlà náà wà lọ́wọ́ mi, dógarì kan ló jù ú sí mi.

Ó padà wálé. Kò dé fìlà yẹn mọ́ títí tó fi kú.

Gbogbo bí mo ṣe lówó tó yìí, nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé fáìlì wọ ṣọ́ọ̀bù mi, fìlà yẹn ni mo máa ń rí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n rò pé mo láyà.

Àtìní, 26 Jánúárì

Mo ti dá ọgbọ́n. Mò ń gba owó náà jáde díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníPOS, kí báńkì má baà fura. Mo gbà á ní Ṣáwo, mo gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè, mo gbà á níwájú Poly. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ń yọ tirẹ̀ lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níwájú Poly ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà tún rèé. Ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́ ni?"

Mo ní kó ka owó mi.

Ó ní, "Tó bá jẹ́ ìyàwó ni, èmi náà kò tíì lọ́kọ."

Abẹ́ ẹja ṣàwá, nínú páálí, nísàlẹ̀ fíríísà, ni mo kó owó náà sí. Kò sí ará owó orí tó máa tọwọ́ bọ ibẹ̀.

Àlàmísì, 29 Jánúárì

Ràfátù lọ mú ṣàwá tó fẹ́ fi se ọbẹ̀, owó ló bá. Kò pariwo. Ó sá gbogbo rẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá, ó tan fáànù sí i. Iná sólà ló fi ń gbẹ owó sólà.

Ó ní, "Bàbá Rùkáyàt, ṣé ẹ fẹ́ kó di yìnyín ni?"

Mo ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Ó ní òun kò dá sí i, ẹja lòun ń wá.

Àtàláta, 3 Fẹ́búárì

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin lónìí, sí ọ́fíìsì àwọn Ìmọ́lẹ̀-Ilé. Mo fẹ́ dá owó wọn padà kí n lè sùn. Inú báàgì ni mo kó o sí, Ràfátù ti fi káńfọ̀ sí i nítorí òórùn.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní, "Ṣé sólà náà kò ṣiṣẹ́ ni, sà?"

Mo ní ó ń ṣiṣẹ́, kò tiẹ̀ sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ọ̀fà.

"Bátìrì ńkọ́?"

"Ó wà ní pálọ̀ mi. Àlejò tó bá wọlé, òun ló kọ́kọ́ ń kí."

"Kí wá ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ dá owó padà?"

Mo ní n kò nílò rẹ̀. Ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn mi ní, "Bàbá, ẹ yíjú sí ibí, èmi nílò rẹ̀." Ọmọbìnrin náà ní kò sí ọ̀nà tí àwọn ń gbà gba owó padà, àfi kí òun kọ̀wé sí Àbújá. Bó ṣe dárúkọ Àbújá báyìí, mo ní kó má ṣe ìyọnu. Mo gbé báàgì mi.

Nígbà tí a ń bọ̀, mo di báàgì náà mọ́ àyà. Ẹni tó jókòó tì mí ń fimú fa nǹkan. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹja lẹ rà bọ̀ ni?"

Àlàrùba, 11 Fẹ́búárì

Taofeek wá sí ṣọ́ọ̀bù. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa, òun ló sì máa ń bá wa kọ ìwé owó orí. Ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Èrò kún ṣọ́ọ̀bù nígbà tó dé. Ó bi mí ní iye tí mo tà àti iye tí mo fi ra ọjà, ó ń kọ ọ́. Ó wá gbójú sókè.

"Sólà ló ń gbé fíríísà yìí báyìí, àbí, Alhaji?"

"Ṣé o tún ń gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ níbí ni?"

"Ó yẹ ká kọ iye tẹ́ ẹ fi rà á síbẹ̀. Yóò bá yín dín owó orí kù. Ṣé ẹnikẹ́ni bá yín dá sí i?"

Gbogbo oníbàárà yíjú sí mi. Wọ́n fẹ́ gbọ́. Obìnrin kan tó ti ń ná ẹja láti àárọ̀ tiẹ̀ gbàgbé ẹja.

Mo ní, "Mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún. Èmi nìkan. Ta ló fẹ́ bá mi dá sí i? Ìwọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Taofeek kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin yẹn ní, "Alhaji, ẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn." Mo fi ṣàwá méjì ṣe èènì fún un.

Inú mi dùn títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí Taofeek fi ránṣẹ́ pé òun ti fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará owó orí ni àyà mi tún já. N kò mọ ohun tó já a.

Àlàrùba, 18 Fẹ́búárì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo tọrọ pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì mí láàárín ọjà. N kò ṣàlàyé. Ó mọ̀ ọ́n.

Jímọ̀, 27 Fẹ́búárì

Jàmíù wá bá mi ṣínu. Ó jẹ dàbínù, kò fọwọ́ kan ọbẹ̀ ẹja. Ẹni tó jẹ́ pé egungun ló máa ń fà mu.

Ó ní, "Ẹlẹ́ja, ọ̀rẹ́ mi kan wà."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Àwọn kan fún un lówó. Kò jalè, kò lu jìbìtì. Kò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá owó orí wà lórí rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò sọ."

Mo wò ó lójú, kò wò mí.

"Ọ̀rẹ́ ẹ yìí, ṣé ọmọ Ọ̀fà ni?"

"Èwo ni ti ọmọ Ọ̀fà níbẹ̀?"

Mo ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun. Ó mu omi, ó dìde, ó lọ.

Mo ti mọ̀. Àwọn ará owó orí ti fi ọ̀rọ̀ mi lọ̀ ọ́. Ṣe ni wọ́n rán an pé kó wá fi ẹnu wá mi wò. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún.

Àìkú, 8 Máàṣì

Rùkáyàt, àkọ́bí mi, dé láti Ìlemọ́nà, níbi tó ti ń ṣe ìṣirò owó ní ìjọba ìbílẹ̀. Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Ràfátù kò wojú mi, mo sì mọ ẹni tó pè é.

Ó kúnlẹ̀, ó jókòó. Ó ní, "Daddy, Mummy ní ẹ kì í jẹ sáàrì mọ́."

"Ìyá ẹ kò rí mi dáadáa ni."

"Mummy ní owó kan wà tó ń rùn."

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo rò ó fún un: rédíò, oníPOS, Ìlọrin. N kò sọ ti fìlà. Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, mo rí i bó ṣe ń fi eyín mú ètè.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ n bi yín. Tẹ́ ẹ bá ra páálí ẹja mẹ́rin lọ́wọ́ oníbàárà yín ní Ìlọrin, tẹ́ ẹ san owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ó wá dá owó páálí kan padà fún yín. Ṣé ẹ jèrè ni, àbí iye ẹja ló wálẹ̀?"

"Iye ẹja ló wálẹ̀. Ta ni kò mọ ìyẹn?"

"Èló lẹ wá fi ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Owó mẹ́ta."

"Bí ti sólà yín náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀dínwó ni. Ẹ kò tà á, ẹ kò ṣiṣẹ́ gbà á. Iye tẹ́ ẹ fi ra nǹkan sílé ara yín ló wálẹ̀. Wọn kì í gba owó orí lórí ìyẹn. Mo ti bi ọ̀gá mi kí n tó máa bọ̀."

Mo dìde. Mo rìn dé ojú fèrèsé, mo rìn padà. Ó ṣe mí bí ìgbà tí wọ́n bá sọ̀ mí ní àpò ìrẹsì ní ìdíkọ̀ láyé ọjọ́sí, tí ọrùn á fúyẹ́ títí tí á máa dunni. Mo ní kí Ràfátù dín pàńlá de ìṣínu. Mo ní èmi ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, pé mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá Rùkáyàt mọ̀ ọ́n ni.

Ó rẹ́rìn-ín wàyí. Ó ní, "Taofeek ti kọ ìwé yín fún ọdún yìí, àbí? Èló ló kọ fún sólà?"

"Iye tí mo fi rà á."

"Èwo nínú méjèèjì?"

Omi tí Ràfátù fi ń fọ ẹja nìkan ló ń dún.

Mo ní, "Mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún."

"Daddy, owó tẹ́ ẹ gbà, kò sí wàhálà níbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ní ẹ kò gbà ni wàhálà. Ẹ ti ní kí wọ́n fi owó tí kò jáde lápò yín dín owó orí yín kù. Àti pé kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń lo iná yẹn. Fáànù yín ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n? Fíríìjì Mummy? Èyí tó kan ṣọ́ọ̀bù nínú iye tẹ́ ẹ san gan-an nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀."

"Kí ni wọ́n máa ṣe fún mi?"

"Tẹ́ ẹ bá lọ tún un ṣe kí oṣù yìí tó parí, ẹ máa san àfikún, ó sì tán. Tó bá jẹ́ àwọn ló fúnra wọn rí i..."

Kò parí rẹ̀. Láti Jánúárì ni mo ti ń sá fún owó inú ẹja. Èyí tí mo fi ẹnu ara mi sọ lójú àwọn oníbàárà ló ń lé mi bọ̀.

Ó ní kí n mú Taofeek dání, nítorí òun ló kọ ìwé. Kí n sọ fún Taofeek pé wọ́n dá owó padà fún mi. Ìyẹn ni pé kí gbogbo ọjà gbọ́ kí wọ́n tó kí ìrun Àláásàrí.

Mo jẹ pàńlá náà. Kò ní adùn.

Àtàláta, 10 Máàṣì

N kò ní lọ. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ọmọ ìjàkadì. Ẹni tó bá fẹ́ mú mi kó wá síbí.

Àlàrùba, 11 Máàṣì

Ọkọ̀ funfun kan dúró síwájú ilé. Mo wà ní ilé ìyàgbẹ́ títí tó fi lọ. Àlejò ará òdìkejì ni.

Àbámẹ́ta, 14 Máàṣì

Ìjì ńlá jà ní ọ̀sán, òjò àkọ́rọ̀ tẹ̀lé e. Páànù aládùúgbò wa kan ṣí. Mo dúró lábẹ́ ìloro, mò ń gbàdúà pé kí ìjì gbé pánẹ́ẹ̀lì mi lọ, kí ọ̀rọ̀ náà bá a lọ. Kò sí èyí tó mira. Barnabas yìí mọ iṣẹ́ jù.

Jímọ̀, 20 Máàṣì

A kírun ọdún ní yídì. Aṣọ tí mo wọ̀, kò sí ẹni tí kò yíjú wò ó. Nígbà tí Alfa ń wàásù lórí kí èèyàn tẹpá mọ́ṣẹ́, ó tún na ọwọ́ sí mi: "Ẹ wo Alhaji Ẹlẹ́ja wa, ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Wọ́n ṣe àmín.

Mo wo Jàmíù. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ètè rẹ̀ kò mira. Èmi náà kò lè ṣe é.

Àìkú, 22 Máàṣì

Ràfátù ní, "Wọ́n ti túnu ààwẹ̀. Èyí tí ẹ̀yin ń gbà yìí, ìgbà wo lẹ máa ṣínu rẹ̀?"

Mo sọ ti bàbá mi fún un. Dógarì, okùn, fìlà tí wọ́n jù sí mi. Mo ti fẹ́ obìnrin yìí láti ìgbà tí mo ṣì ń ta ẹja lórí àtẹ, kò gbọ́ ọ rí. Ó na ọwọ́, ó bá mi gbọn eruku kúrò lára fìlà tó wà lórí mi.

Ó ní, "Bàbá Rùkáyàt, wọ́n wá mú bàbá yín ni. Ẹ̀yin, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ."

Àlàmísì, 26 Máàṣì

Mo lọ.

Mo dé èyí tó dára jù nínú fìlà mi. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti sọ fún Taofeek. Ariwo kẹ̀kẹ́ pọ̀, n kò rí i sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Awakọ̀ gbọ́ ọ ṣáájú Taofeek. Ó fi dígí wò mí.

Taofeek ní, "Alhaji, ẹ ṣáà sọ pé ẹ̀yin nìkan ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Lójú gbogbo èèyàn."

"Ojú èèyàn náà ló fà á."

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. N kò rí i kó dákẹ́ rí.

Kò sí iná ní ọ́fíìsì àwọn ará owó orí, ooru mú bí inú ààrò. Mo rí àga onígi gbọọrọ tí èèyàn jókòó sí, mo sì rí Jàmíù ní ìkángun rẹ̀. Ó fa fìlà bò débi ìpéǹpéjú. Bó ṣe rí mi, ó fẹ́ dìde, ó tún jókòó.

Mo ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Òun ló ní kí n bá òun wo ibí. Tìẹ ńkọ́?"

"Èmi kò ní ọ̀rẹ́ kankan. Èmi ni mo wá."

Ó wò mí. Ó sún, mo jókòó tì í. Mo tún fìlà mi dé, òun náà tún fa tirẹ̀ wálẹ̀. Gbogbo ohun tí mo rò sí i nínú ìwé yìí ní oṣù tó kọjá, kí Ọlọ́run bá mi pa á rẹ́.

Ìyáàfin Mojísọ́lá ni wọ́n ń pe obìnrin tó wà nídìí tábìlì. Fáìlì ló fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Mo ti ṣètò ohun tí màá sọ láti àná, mo ti fi ọ̀ṣọ́ sí i lára. Nígbà tó ní kí n jókòó, gbogbo ọ̀ṣọ́ náà fò lọ. Mo ní, "Mo ní mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún ni mo fi ra sólà. Irọ́ ni. Wọ́n dá ìdá kan nínú mẹ́rin padà fún mi. Ìdajì iná yẹn sì jẹ́ ti ilé mi." Ohùn mi kò jáde dáadáa. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, gbogbo àwọn tó wà lórí àga gbọ́ ọ.

Ó fa ìwé mi yọ, ó bi Taofeek ní ìbéèrè díẹ̀, ó gé èyí, ó tún èyí kọ. Ó sọ iye tí màá fi kún un. Kò tó owó páálí kótè kan.

Ó ní, "Ó tán, Daddy."

"Ó tán?"

"Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe fún yín?"

N kò lè sọ fún un. Ohun tí mo ti ń retí láti kékeré ni.

Ó fi fáìlì fẹ́ ọrùn. Ó ní, "Ètò tó ń dá owó padà yìí, ṣé wọ́n ṣì ń gba èèyàn? Ẹ wo ooru tó wà níbí. Bó ṣe rí nílé mi náà nìyẹn."

Kí n tó la ẹnu, ohùn kan ti dáhùn láti orí àga. "Wọ́n ṣì ń gbà. Tẹ́ ẹ bá ti gbé bátìrì síbi tí wọ́n ti máa rí i, wọn kì í yọ yín lẹ́nu."

Gbogbo wa yíjú sí Jàmíù. Ó ti fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀ kúrò lójú.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi."

Mo dúró dè é títí tó fi ṣe tirẹ̀ tán. Taofeek ti lọ ṣáájú, mo sì mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ ń gbé e lọ. Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo ní kí kẹ̀kẹ́ sọ̀ mí sẹ́nu ọjà. Jàmíù ní kí ni mo fẹ́ rà. Mo ní n kò ra nǹkan kan. Mo fẹsẹ̀ rìn gba àárín ọjà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ń kí mi. N kò rí ẹni tó ń tún ọjà tò. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣu, obìnrin kan ní, "Alhaji, a gbọ́ pé wọ́n dá owó padà fún yín. Ẹ júwe ibẹ̀ fún àwa náà." Mo dúró, mo júwe rẹ̀. Mo sì sọ fún un pé pánẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá ni tèmi, kó má lọ ra mẹ́rin.

Òjò ti ṣú nígbà tí mo dé ilé. Ràfátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bọ̀ láti òkèèrè.

Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ọwọ́ di fìlà mú báyẹn?"

Mo ní afẹ́fẹ́ ni.